Ta Ló Fọ Òkúta Tíṣà Múyì?

Àfọ́kù ìkòkò ni Rẹ́fúrẹ́ǹdì Adéyẹmí kọ́kọ́ gbé ka iwájú Sájẹ́ǹtì Olúfúnmi Ọ̀ṣuntọ́lá, kò tilẹ̀ jẹ́ kí ó jókòó. Eérú ti bo àfọ́kù náà. Ìkarahun wẹ́wẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn, pẹ̀lú ẹsẹ̀ alákàn tín-ín-rín tí iná ti sọ di pupa.

"Ẹ̀rí rèé," ni Rẹ́fúrẹ́ǹdì wí. Òun ni ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tó wà lẹ́yìn Moniya. "Inú igbó ẹ̀yìn yàrá Àjàní la ti rí i. Ó jí alákàn Tíṣà Múyì, ó sè wọ́n jẹ, ó wá fọ́ ìkòkò kí a má baà mọ̀. Láti ìgbà náà kò wọ yàrá rẹ̀ mọ́. Abẹ́ máńgòrò ló ń sùn. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kì í sá fún yàrá ara rẹ̀, àbí irọ́ ni mo pa?"

Olúfúnmi wo ìta láti ojú fèrèsé. Bàbá Àjàní, tó ń ṣọ́gbà ilé ẹ̀kọ́ náà, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lábẹ́ máńgòrò, ó káwọ́ gbera. Kọ́ńsítébù Dàda dúró tì í, ó gbé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ bí ẹni pé àgbàlagbà yẹn fẹ́ fò lọ.

"Àwọn àlejò ètò ẹ̀kọ́ ń bọ̀ lọ́la," ni Rẹ́fúrẹ́ǹdì tún wí. "Kí wọ́n tó dé, mo fẹ́ kí ọkùnrin yìí ti wà ní àgọ́ ọlọ́pàá. Mi ò fẹ́ rí i nínú ọgbà yìí mọ́ láéláé."

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí ilé àwọn alákàn náà, sà," ni Olúfúnmi dáhùn.

Ọdún kejì tí a gba òmìnira nìyí. Àwọn obìnrin nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá kò tíì pọ̀, ti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ló tún wá ṣọ̀wọ́n jù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló mú kí wọ́n rán Olúfúnmi láti Ìbàdàn. Tíṣà Múyì ló dárúkọ rẹ̀. Olúmúyìwá yìí, tíṣà sáyẹ́ǹsì, ni àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ẹbí méjèèjì ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, wọ́n kàn ń dúró de ìgbà tí wọ́n bá ta kòkó tán kí wọ́n ṣe ìgbéyàwó ni. Olúfúnmi ti sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé kò yẹ kí òun lọ. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀ràn alákàn lásán-làsàn ni, kí ó lọ kí àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan!

Múyì ló ṣílẹ̀kùn yàrá sáyẹ́ǹsì fún un. Ojú rẹ̀ ti wọnú.

"Fúnmi, o ṣeun tí o wá. Wo ohun tí wọ́n fi ojú mi rí."

Àpótí gíláàsì kan wà lórí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé, kò ju àpótí aṣọ akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Omi òkun ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n fi ìgò ńlá gbé láti Èkó nínú lọ́rì. Tíúbù táyà tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí ń rọra tú atẹ́gùn sínú omi náà. Àwọn òkúta etíkun wà nísàlẹ̀, iyùn tó ní ẹ̀mí lẹ̀ mọ́ wọn, àti àwọn ẹran òkun kan tó máa ń là bí òdòdó. Tíṣà Múyì ti kọ̀wé sí gbogbo ayé pé òun lè tọ́ ohun òkun ní ilẹ̀ àwọn àgbẹ̀ kòkó. Wàhálà ibẹ̀ ni koríko omi, ìyẹn ohun yọ̀rọ̀ aláwọ̀ ewé tó máa ń bo inú àmù tí a kò bá fọ̀. Tí oòrùn bá ti ń wọlé, yóò bo òkúta, yóò bo iyùn, yóò sì pa á. Múyì kò fi ọwọ́ fọ̀ ọ́. Alákàn ló fi ń fọ̀ ọ́, àwọn kéékèèké tó ń wọ ìkarahun ìgbín òkun kiri, tí wọ́n ń já koríko náà jẹ tọ̀sán-tòru. Iṣẹ́ àwọn alákàn yìí ni àwọn àlejò ń bọ̀ wá wò. Tí ó bá wù wọ́n, Múyì yóò gba sikọ́láṣíìpù, ó di ìlú òyìnbó.

"Ìgbà wo lẹ mọ̀ pé wọn kò sí mọ́, Bọ̀dá Múyì?"

"Ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Gbogbo ilé ẹ̀kọ́ lọ wo bọ́ọ̀lù n'Íbàdàn, àfi Àjàní. Nígbà tí mo dé, kò sí ìkankan. Nítorí ọjọ́ Olúwa ni mi ò ṣe pariwo lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ní Túsìdeè la rí ìkòkò."

Olúfúnmi bẹ̀rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kan gíláàsì. Ẹja abìlà kékeré kan ń yí ká láìbìkítà. Àwọn ẹran tó dà bí òdòdó ti súnkì, wọ́n rọ bí ewé tó já sínú omi gbígbóná. Òkúta sì mọ́ tónítóní. Ó mọ́ níwájú, ó mọ́ lẹ́yìn, títí dé inú ihò tóóró tí alákàn kan kò lè ki ọwọ́ bọ̀. Nínú ihò mìíràn tó fẹ̀ díẹ̀ ni ìkarahun ìgbín kékeré kan há sí, ẹsẹ̀ alákàn rọ̀ dirodiro lẹ́nu rẹ̀.

"Ọ̀kan ṣẹ́kù síbí," ni ó wí. "Ó ti kú."

Múyì sún mọ́ ọn kíákíá. "Kò kíyè sí ìyẹn ni. Olè kò lè rí gbogbo ẹ̀ kó."

Olúfúnmi tún wo ihò náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọ̀rọ̀ náà kàn dúró sí i lọ́kàn ni, bí egungun ẹja tó há sí ọ̀nà ọ̀fun.

Múyì mú un lọ sí yàrá rẹ̀ kí ó mumi. Kò sí ẹni tó mọ yàrá náà tó Olúfúnmi. Kọ́tìnì ibẹ̀, òun ló rán an. Abọ́ tánganran funfun olódòdó pupa tó dojú dé lẹ́yìn ilẹ̀kùn, òun ló rà á fún un lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ó gbé abọ́ náà sókè láti gbá a mọ́ra díẹ̀, bí obìnrin ṣe ń ṣe sí ohun tí yóò di ti ilé rẹ̀. Àmì aláwọ̀ aró kan yí inú rẹ̀ ká, díẹ̀ sì ti gbẹ sí abẹ́ ètè rẹ̀.

"Ha, Bọ̀dá Múyì! Kí lẹ fi ba abọ́ mi jẹ́ báyìí?"

"Búlúù ìfọṣọ ni," ni Múyì wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Mo fi fọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí n óò wọ̀ lọ́la. Tí o bá ti délé mi, ìwọ náà ló máa máa fọ̀ ọ́."

Olúfúnmi rẹ́rìn-ín. Ó dojú abọ́ náà dé padà. Inú rẹ̀ dùn fún ìgbà díẹ̀, mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́.

Tíṣà Leah, tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní aṣọ rírán, ni ó kàn. Gbogbo ènìyàn ló ti nàka sí i fún Olúfúnmi ní kọ̀rọ̀. Wọ́n ní ó ti pariwo pé òórùn omi òkun yẹn ń ba aṣọ òun jẹ́, pé lọ́jọ́ kan òun máa da kẹ̀rósìn sí i.

"Mo sọ bẹ́ẹ̀," ni Leah wí, kò tilẹ̀ gbójú kúrò lórí máṣíìnì rẹ̀. "Màá tún un sọ níwájú Rẹ́fúrẹ́ǹdì. Òórùn yẹn burú! Ṣùgbọ́n ṣé mo dà á sí i?"

"Ẹ kò dà á. Kẹ̀rósìn ì bá léfòó, ẹja ì bá sì ti kú. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ìgbà tí ẹ wo inú àpótí náà gbẹ̀yìn."

"Ọ̀sán Sátidé, kí lọ́rì bọ́ọ̀lù tó gbéra. Mo lọ bá Múyì jà lórí òórùn náà. Koríko ti bo gbogbo òkúta, ó gùn bí irun orí ọmọ Dàda." Kọ́ńsítébù Dàda, tó yọjú láti gba ìyọ̀ǹda láti lọ mumi, fọwọ́ pa orí ara rẹ̀. Leah rẹ́rìn-ín. "Kì í ṣe ìwọ ni mò ń bá wí, jàre. Mo sọ fún Múyì pé àwọn alákàn ẹ ti ya ọ̀lẹ, pé àwọn àlejò máa fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Inú bí i."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Mo tún wọlé ní àárọ̀ Mọ́ńdè. Ó ti mọ́ fóò! Omi yẹn tiẹ̀ rí bí ẹni pé wọ́n kán aró díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n Múyì ní ojú ọ̀run ló ń hàn nínú rẹ̀. Mo kí i pé ó kú iṣẹ́. Ó ní, 'Ẹ rí i báyìí, àwọn alákàn ti ṣiṣẹ́ wọn.'"

"Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ló sọ bẹ́ẹ̀? Ó dá yín lójú?"

"Ṣé n kò mọ Mọ́ńdè ni?"

Olúfúnmi dúpẹ́, ó sì jáde. Ó dúró lẹ́yìn ilé ìdáná fún ìgbà pípẹ́, ó ń wá ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà fi lè ní ìtumọ̀ mìíràn. Bóyá Leah ń purọ́. Bóyá Múyì kàn fi ọ̀rọ̀ tan Leah ni, kí ó má baà fi òun ṣẹ̀sín. Olúfúnmi wá gbogbo àwáwí tí ènìyàn lè wá fún ẹni tó fẹ́ràn.

Ó wá lọ bá Bàbá Àjàní lábẹ́ máńgòrò, ó ní kí Dàda sún díẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí i.

"Ìyàwó wa, dìde," ni bàbá náà wí. Ó ti ń pè é bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí Múyì ti kọ́kọ́ mú un wá. "Má fi aṣọ ọlọ́pàá kúnlẹ̀ nítorí mi."

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ jẹ alákàn náà?"

"Rárá o."

"Kí ló dé tí ẹ fọ́ ìkòkò?"

Bàbá Àjàní ń fi ìka ha ilẹ̀. Òórùn ewé tútù ń jáde lára rẹ̀, bí ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àgbo wẹ̀. Olúfúnmi kíyè sí i. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Bàbá, ní abúlé wa lọ́nà Lágelú, ìyá àgbà mi kì í jẹ ìgbín. Èèwọ̀ ilé wọn ni. Lọ́jọ́ kan àbúrò mi ṣèèṣì se ìgbín nínú ìkòkò wọn. Wọ́n gbé ìkòkò náà jù sígbó. Ìta ni wọ́n sùn títí wọ́n fi fi omi ewé wẹ̀ tán."

Àgbàlagbà náà gbójú sókè wò ó. Omi lé sí i lójú.

"Alákàn ni tiwa," ni ó wí. "A kì í fọwọ́ kàn án, kò gbọdọ̀ kan iná wa. Nígbà tí a ń ti Èkó bọ̀, èmi ni mo gbé gbogbo omi yẹn. Tíṣà fúnra rẹ̀ ló gbé alákàn. Mo ní ìka ń dùn mí ni. Ní àárọ̀ Túsìdeè, mo gbé ìkòkò ọbẹ̀ mi kaná, ìgbà tí mo ṣí i ni mo bá wọn nínú rẹ̀. Ìyàwó wa, mo fọ́ ìkòkò náà, mo jù ú sígbó."

"Ẹ ò ṣe sọ fún Rẹ́fúrẹ́ǹdì?"

"Kí n sọ kí ni? Ọwọ́ mi wà lórí Bíbélì lọ́jọ́ tí wọ́n gbà mí síṣẹ́, mo ní mo ti kúrò nínú ohun ìbílẹ̀. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á lé mi. Bí mo bá dákẹ́, wọ́n á tì mí mọ́lé. Ibo ni kí n gbà?" Ó nu ojú. "Tíṣà mọ̀ pé n kò lè jalè. Ọbẹ̀ mi ló ń jẹ kí oṣù tó parí. Lọ bi í. Yóò gbèjà mi."

Olúfúnmi kò lè wo ojú rẹ̀. Ó ti wá mọ̀ pé ọwọ́ bàbá yìí mọ́, kò sì lè sọ ohun tó fi mọ̀ ọ́n fún ẹnikẹ́ni. Àfi kí òkúta inú omi yẹn sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ó ní kí Dàda bá òun wá ìṣó tuntun kan ní ilé káfíńtà àti ọsàn wẹ́wẹ́ kan. Òun fúnra rẹ̀ lọ mú abọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn Múyì.

Nínú yàrá sáyẹ́ǹsì ni gbogbo wọn péjọ sí, Rẹ́fúrẹ́ǹdì, Leah, Múyì, àti Bàbá Àjàní tí Dàda mú dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Bọ̀dá Múyì, ẹ ṣì dúró lórí pé ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni alákàn pòórá?"

"Mo ti sọ ọ́."

"Tíṣà Leah, báwo ni òkúta yìí ṣe rí lọ́sàn-án Sátidé náà?"

"Koríko bò ó mọ́lẹ̀."

"Ní àárọ̀ Mọ́ńdè ńkọ́?"

"Ó mọ́ bí ẹ ṣe ń wò ó yìí."

Olúfúnmi yíjú sí Rẹ́fúrẹ́ǹdì. "Sà, bí Bàbá Àjàní bá jí alákàn lọ́jọ́ Sátidé, koríko yẹ kó máa pọ̀ sí i ni, nítorí kò sí ẹni tí yóò jẹ ẹ́ mọ́. Ta ló wá fọ òkúta yìí láàárín Sátidé sí Mọ́ńdè? Ta ló fọ̀ ọ́ dé inú ihò tí alákàn kò lè dé? Kí sì ló pa àwọn ẹran òdòdó yìí, tí ẹnikẹ́ni kò jẹ?"

Tíúbù ń tú atẹ́gùn sínú omi, pọ̀rọ̀ pọ̀rọ̀.

"Fúnmi, kí lò ń sọ?" ni Múyì wí. Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. "Alákàn ni ẹjọ́ wa, kì í ṣe koríko."

"Koríko ni ẹjọ́ wa." Ó gbé abọ́ tánganran sórí tábìlì. Ojú Múyì yí padà. "Àwọn àgbẹ̀ kòkó ní oògùn kan, òkúta aláwọ̀ aró tí wọ́n ń pò sómi láti fi wọ́n kòkó kí ó má baà dú lórí igi. Ó máa ń pa koríko omi. Ó máa ń pa alákàn pẹ̀lú, kí ó tó pa ẹja. Wọn kì í pò ó nínú garawa, nítorí ó máa ń jẹ irin. Inú ìkòkò ni wọ́n ń pò ó sí, tàbí inú tánganran."

"Búlúù ìfọṣọ ni, mo ti sọ fún ọ!"

"Búlúù kì í ṣe irin ní nǹkan kan."

Ó fi ọ̀bẹ ha ohun tó gbẹ sí abẹ́ ètè abọ́ náà, ó fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó sì ki ìṣó tuntun náà bọ̀ ọ́. Gbogbo wọn ń wò ó. Ó dúró díẹ̀. Nígbà tó yọ ọ́, ìdajì ìṣó náà ti pọ́n bíi bàbà, nítorí bàbà ló wà nínú oògùn kòkó náà.

"Bàbá yín ń ṣe kòkó l'Ẹ́gbẹ́dá," ni ó wí.

Múyì jókòó lórí àga. "Mi ò fẹ́ kí wọ́n kú," ni ó wí. "Koríko ti pọ̀ jù, àwọn àlejò sì ń bọ̀. Alákàn ń falẹ̀. Mo ní kí n ràn wọ́n lọ́wọ́ díẹ̀ ni. Ní Mọ́ńdè gan-an, mo rò pé ó ti yọrí sí rere. Ìgbà tó di ọ̀sán ni mo wá rí i pé gbogbo wọn ti dojú délẹ̀. Kí ni kí n fi han àlejò? Tí wọ́n bá gbọ́ pé olè ló kó wọn, wọ́n á ṣàánú mi, wọ́n á fún mi láyè kí n tún un ṣe."

"O wá kó òkú wọn sínú ìkòkò ọbẹ̀ àgbàlagbà tó ń bọ́ ọ." Olúfúnmi kò pè é ní ẹ̀yin mọ́, kò sì mọ ìgbà tó yí i padà. "Múyì, kí ló dé tí o fi pè mí? Ọlọ́pàá pọ̀ n'Íbàdàn. Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi?"

Múyì wo ilẹ̀.

"Mo rò pé tí n bá ti sọ ọ́, wàá gbà mí gbọ́ ni. O kò ní wádìí jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ọ̀rọ̀ yìí ló dùn ún jù. Ẹ̀sùn olè tí Múyì fi kan Bàbá Àjàní dùn ún, ṣùgbọ́n èyí gún un dé ẹ̀dọ̀. Ó fẹ́ sunkún níwájú gbogbo wọn. Kò sun ún. Ó fa ẹ̀wù rẹ̀ wálẹ̀, ó tọ́ bẹ́líìtì rẹ̀.

"Ó ku nǹkan kan," ni Rẹ́fúrẹ́ǹdì wí, ojú ti ń tì í díẹ̀. "Kí ló dé tí Àjàní fi fọ́ ìkòkò? Kí ló dé tó ń sun ìta?"

Bàbá Àjàní di ilẹ̀kùn mú. Olúfúnmi kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá.

"Sà, bí ẹ bá bá òkú tí ẹ kò mọ ohun tó pa á nínú ìkòkò ọbẹ̀ yín, ṣé ẹ máa tún se ọbẹ̀ nínú ẹ̀?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" ni Leah wí, kí Rẹ́fúrẹ́ǹdì tó ronú.

"Bẹ́ẹ̀ náà ni," ni Rẹ́fúrẹ́ǹdì gbà. "Àjàní, padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ. Wọn yóò ra ìkòkò tuntun fún ọ."

Kọ́ńsítébù Dàda na ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí Olúfúnmi, kò mọ ẹni tí yóò fi sí lọ́wọ́ mọ́. Olúfúnmi ní kí ó fi sápò. Tíṣà Múyì yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé àgọ́, yóò lọ ṣàlàyé irọ́ tó pa fún ọlọ́pàá. Múyì kọjá níwájú Bàbá Àjàní, ó ṣe bí ẹni fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Bàbá náà yẹ̀ fún un, ó ń wo ibòmíràn.

Olúfúnmi gbé abọ́ náà sábẹ́ apá, nítorí ẹ̀rí ni, kò sì lè fi í sílẹ̀. Ó ti dé abẹ́ máńgòrò nígbà tí Bàbá Àjàní sáré tẹ̀ lé e.

"Ìyàwó wa," ni ó ń pè, ó ń mí hẹlẹ. "Ìyàwó wa, dúró kí n súre fún ọ."

Olúfúnmi dúró. Ó kúnlẹ̀ tòun ti abọ́.

"Ẹ súre fún mi, Bàbá," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Fúnmi ni kí ẹ máa pè mí."